Orí Kẹfà: Níbi Tí Agbára Ti Já

Ẹ́ńjìnnì ń ké, ọ̀pá jíà wà ní D, ẹ tẹ iná títí, jíìpù kò kúrò lójú kan. Bó bá ṣe oríta Ìkòtún l’Ékòó ló ti ṣẹlẹ̀, láàárín kẹ̀kẹ́ Maruwa àti dáńfó tó ń lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, fèrè yóò bò yín mọ́lẹ̀ kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn fèrè ni ìdájọ́ ń dé. Ẹni tó ń ta gálà lójú títì ni yóò kọ́kọ́ dá a, mẹkáníìkì tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, yóò fọwọ́ kan èyí, yóò fọwọ́ kan tọ̀hún, yóò sì fọwọ́ sí i: “Alhaja, jíà ti lọ o.”

Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ jíìpù tó ń lo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pàápàá èyí tó ti dàgbà, ní ọ̀pọ̀ ibi tí ọ̀nà agbára ti lè já, jíà sì kàn jẹ́ ọ̀kan nínú wọn ni. Ṣáàfù kan tó já, tí owó rẹ̀ kò sún mọ́ owó jíà rárá, lè dá ọkọ̀ ńlá dúró gbagidi bí ẹni pé jíà ti kú. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó jíà tòkunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ìméfò san. Ẹni tó bá ra jíà nígbà tó jẹ́ ṣáàfù ló já, yóò sanwó jíà, yóò sanwó iṣẹ́, ọkọ̀ yóò sì tún dúró síbi tó dúró sí.

Ìbéèrè tí orí yìí fẹ́ dáhùn kò ju ẹyọ kan lọ: ibo ni agbára dé kó tó já?

Ọ̀nà tó ń gbà nìyí. Ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń fa jíà. Láti inú jíà, agbára ń bọ́ sínú tíránsífà, àpótí irin tó lẹ̀ mọ́ ìdí jíà, tó ń pín in sí iwájú àti ẹ̀yìn. Pùròpẹ́là ló ń gbé ìpín kọ̀ọ̀kan lọ, gígùn sí ẹ̀yìn, kúkúrú sí iwájú. Níbi tí pùròpẹ́là bá parí sí ni dífárẹ́ńṣà wà, òun náà tún ń pín èyí tó gbà sí ọ̀tún àti òsì, ṣáàfù sì ń gbé e dé ẹsẹ̀. Nínú àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn dùbúlẹ̀ ní ìbú, bíi Highlander, dífárẹ́ńṣà iwájú kò dá dúró; inú ilé jíà ló wà, pùròpẹ́là ẹyọ kan tó ń lọ sẹ́yìn nìkan lẹ máa rí.

Kì í ṣe gbogbo jíìpù ló ń pín agbára bákan náà, ìyàtọ̀ yìí sì ni mẹkáníìkì tó ń kánjú kì í béèrè. Ọ̀pọ̀ 4Runner tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 títí dé 2002, àti ọ̀pọ̀ Pathfinder ayé ìgbà náà, ẹ̀yìn nìkan ló ń lé wọn lójoojúmọ́. Iwájú kì í wọlé àfi tí awakọ̀ bá fa ọ̀pá kékeré ẹ̀gbẹ́ jíà sí H4. Highlander àti Lexus RX300 àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ní fọ́ọ̀-wíìlì, ìgbà gbogbo ni ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń gba agbára, awakọ̀ kò ní ọ̀pá kankan tó máa fà. (Ọ̀pọ̀ Highlander àti RX300 ni kò ní fọ́ọ̀-wíìlì rárá, ohun yòówù kí ẹni tó tà á ti sọ, ẹ bẹ abẹ́ rẹ̀ wò lẹ́yìn, bí kò bá sí dífárẹ́ńṣà níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí.) CR-V àtijọ́ wà láàárín: iwájú ló ń fà á, ẹ̀yìn kì í bá a dá sí i àfi tí ẹsẹ̀ iwájú bá ń yọ̀.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ sórí dífárẹ́ńṣà, torí òun ló ń tan èèyàn jẹ. Bí ọkọ̀ bá ń yà ní kọ́nà, ẹsẹ̀ tó wà lápá òde ń rin ọ̀nà tó jìn ju ti inú lọ. Bí irin kan ṣoṣo bá so méjèèjì pọ̀, ọ̀kan yóò máa wọ́ nílẹ̀. Ará Faransé kan, Onésiphore Pecqueur, ló wá ojútùú sí èyí ní 1827 fún ọkọ̀ tó ń fi ooru omi rìn: ó to àwọn eyín irin pọ̀ lọ́nà tí ẹsẹ̀ méjì fi lè yí ní ìwọ̀n ìyára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, síbẹ̀ tí agbára kan náà ń ti méjèèjì. Kò tíì sẹ́ni tó fi ohun mìíràn rọ́pò èrò yẹn pátápátá.

Àdéhùn kan wà nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí kì í yẹ̀. Ipá tó bá fún ọ̀tún ló gbọ́dọ̀ fún òsì, kò sì lè fún ẹ̀gbẹ́ kan ju ohun tí ẹ̀gbẹ́ kejì lè gbà. Ẹ dán an wò nílé. Ẹ mú pákó gígùn kan, kí ọmọ méjì dì í mú ní ìkángun méjèèjì, kí ẹ̀yin wá ti àárín rẹ̀. Bí ọmọ méjèèjì bá dúró gírí, méjèèjì ló máa mọ̀ ọ́n lára pé wọ́n ń ti àwọn. Ẹ ní kí ọ̀kan jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì, kí ẹ sì tún tì: pákó yóò yí bìrí lọ sọ́dọ̀ ẹni tó jọ̀wọ́, ẹni tó kù kò sì ní mọ nǹkan kan lára. Kò ṣe ohunkóhun, agbára yín kò dín kù, ṣùgbọ́n kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn tí ṣáàfù bá já. Ẹ̀gbẹ́ tó já kò ní ohun tó máa fi kọ̀, nítorí náà dífárẹ́ńṣà kò lè fún ẹ̀gbẹ́ tó ṣì dára ní ohunkóhun. Àwọn jíìpù tó ń lo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà gbogbo tún ní dífárẹ́ńṣà kẹta láàárín, èyí tó ń pín iwájú àti ẹ̀yìn, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti ń di àràmàǹdà. Ṣáàfù ẹ̀yìn lápá òsì já. Ẹ̀yìn lápá ọ̀tún kò gba nǹkan. Ẹ̀yìn lápapọ̀ kò gba nǹkan. Dífárẹ́ńṣà àárín wo ẹ̀yìn, ó rí i pé kò sẹ́ni tó ń kọ̀, ó sì fi iwájú náà sílẹ̀ lófo. Irin ẹyọ kan já, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dákẹ́. Àwọn tó ṣe RX300 mọ èyí, wọ́n sì fi ohun kan tí epo líle kún inú rẹ̀ sí àárín kí díẹ̀ lè ṣẹ́ kù fún ẹ̀gbẹ́ tó dára, ṣùgbọ́n bó bá ti gbó, ìwọ̀nba tí ọkọ̀ yóò fi rá kò ju kó kúrò lójú títì lọ. Ní ti Prado àti Lexus GX470, bọ́tìnnì wà tó ń ti dífárẹ́ńṣà àárín pa. Ẹ tì í, bí ọkọ̀ bá ṣí, ẹ ti mọ̀ pé jíà kò kú.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà láti mọ ibi tí agbára já láìtú bóòtù kankan. Mo fẹ́ràn àkọ́kọ́ jù lọ torí kò gba ju ọmọkùnrin méjì àti òkúta mélòó kan.

Àkọ́kọ́ dá lórí P. P kì í ṣe bíréèkì. Ó jẹ́ eyín irin kan nínú jíà tó ń kọ́ irin tó ń gbé agbára jáde, kó má lè yí mọ́. Tí gbogbo ohun tó wà láti ibẹ̀ dé orí ilẹ̀ bá wà ní ìdè, ọkọ̀ kò lè rìn. Nítorí náà, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fi òkúta sí iwájú àti ẹ̀yìn táyà kó jìnnà díẹ̀ kó má baà sá lọ, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ fi jíà sí P, ẹ tú bíréèkì ọwọ́, kí wọ́n wá tì í. Bó bá dúró digbí, ọ̀nà láti jíà dé táyà kò já. Inú jíà tàbí ṣáájú rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti wá a. Bó bá ń yí gbirigbiri pẹ̀lú pé ó wà ní P, agbára já lẹ́yìn jíà: tíránsífà, pùròpẹ́là, dífárẹ́ńṣà tàbí ṣáàfù. Ohun kan lè ba àyẹ̀wò yìí jẹ́. Wáyà tó so ọ̀pá jíà mọ́ jíà fúnra rẹ̀ lè ti já tàbí kí ike orí rẹ̀ ti bọ́, tó fi jẹ́ pé P lẹ rí lórí dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, ṣùgbọ́n jíà kò gbọ́. Bí ọ̀pá bá ti fúyẹ́ lọ́wọ́ ju bó ṣe máa ń rí lọ, wáyà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Mo ti rí ike tí kò tó àtàǹpàkò tó sọ ọkọ̀ ńlá di àga ìjókòó.

Èkejì: ẹ wo aago ìyára. Nínú ọ̀pọ̀ jíìpù àtijọ́, ohun tó ń ka ìyára wà lára irin tó ń jáde láti inú jíà tàbí tíránsífà, kì í ṣe lára táyà. Ẹ fi jíà sí D, ẹ tẹ iná díẹ̀díẹ̀. Bí ọwọ́ aago bá ń gòkè nígbà tí ọkọ̀ dúró sójú kan, jíà ń ṣiṣẹ́, agbára ti kọjá á. Bó bá sùn sí òdo, agbára kò jáde nínú jíà. Àwọn ọkọ̀ tuntun tó ń ka ìyára láti ẹsẹ̀ ọkọ̀ kò ní fi èyí hàn, torí náà ẹ má fi ẹyọ rẹ̀ nìkan ṣe ìdájọ́. Lásìkò kan náà, kí ẹnì kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ láti òkèèrè, bóyá pùròpẹ́là ń yí. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, bó ti wù kó ní ìrírí tó.

Ẹ̀kẹta wà fún àwọn tó ní ọ̀pá H2 àti H4. Ẹ fà á sí H4. Bí ọkọ̀ tó ti kọ̀ láti lọ bá ṣàdédé fò síwájú, jíà pé, tíránsífà pé, iwájú pé. Ẹ̀yìn ló já. Èyí ló dá mi lójú jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìṣẹ́jú kan sì ni yóò gbà. Ṣùgbọ́n ẹ má fi iwájú nìkan wa ọkọ̀ náà láti Ìgándò dé Ìyànà Ìpájà. Pùròpẹ́là ẹ̀yìn tí kọ́rọ́ọ̀sì rẹ̀, oríkèé ìkángun rẹ̀, ti já lè bọ́ sílẹ̀ lórí ìrìn, kó gún ilẹ̀, kó sì sọ ọkọ̀ sókè. Ẹ gbé e kúrò lọ́nà, kí wọ́n tú u kúrò lábẹ́ ọkọ̀.

Lójú ọ̀nà ọ̀pá yẹn kan náà, àmì N tún wà láàárín H4 àti L4. N yìí yàtọ̀ sí N jíà: ó ń gé tíránsífà kúrò pátápátá, iwájú àti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀pá tó ti gbó lè yọ̀ bọ́ sínú rẹ̀ nínú kòtò, orúnkún èrò tó jókòó níwájú lè tì í, ọmọdé lè fi ṣeré. Ọkọ̀ kò ní lọ síwájú, kò ní lọ sẹ́yìn, P pàápàá kò ní dì í mú, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tó bàjẹ́. Ẹ fà á padà sí H2, ẹ máa lọ ilé. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọkọ̀ sórí jáàkì, ẹ wo ọ̀pá yìí kí ẹ tó fi ọkàn tán P.

Bí àyẹ̀wò bá wá fi hàn pé agbára kò jáde nínú jíà lóòótọ́, ọ́ìlì ni kẹ́ ẹ wò kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ Ládípọ̀. Jíà tó ń yan ara rẹ̀ kò ní nǹkan mìíràn tó fi ń di agbára mú ju ọ́ìlì lọ: ọ́ìlì ló ń gba agbára lọ́wọ́ ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì kan náà ni póòm̀pù ń fi tẹ àwọn pẹlẹbẹ inú jíà mọ́ra. Bó bá lọ sílẹ̀, póòm̀pù yóò máa fa afẹ́fẹ́, ọkọ̀ yóò dúró. Toyota àti Nissan, ẹ wò ó nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, tó sì ti gbóná, jíà ní P; Honda, ẹ pa ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó fa géèjì rẹ̀ yọ. Ọ́ìlì tó dára pupa, ó mọ́. Èyí tó ti dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jó, ti ń sọ ohun tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ìkòtún sí Ìdímù ti ń ṣe fún un láti ọdún pípẹ́. Ọkọ̀ tó bá ń lọ dáadáa láàárọ̀ tó sì ń kọ̀ tó bá ti gbóná, tó tún ń gbọ́ràn lẹ́yìn tó bá sinmi, jíà rẹ̀ ló ń ṣàìsàn. Ṣáàfù tó já kì í sinmi kó tún so.

Àwọ̀ kẹta wà, òun ló burú jù: pínkì tó ń ho. Omi rédíétọ̀ ti dàpọ̀ mọ́ ọ́ìlì jíà nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, inú rédíétọ̀ ni ọ́ìlì jíà ń gbà kọjá kó lè tutù, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló sì ya òun àti omi sọ́tọ̀. Pathfinder, Xterra àti Frontier ti 2005 títí dé 2010 gbajúmọ̀ fún èyí, débi pé àwọn oníbàárà gbé Nissan lọ sílé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ náà sì fa àtìlẹ́yìn (wáráńtì) rédíétọ̀ náà gùn dé ọdún mẹ́wàá tàbí 100,000 máìlì. Àtìlẹ́yìn yẹn kò bá ọkọ̀ wọ inú ọkọ̀ ojú omi wá sí èbúté Tin Can. Ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú wọn ní Alímọ̀ṣọ́ lónìí, tí kò sì mọ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rédíétọ̀ rẹ̀, kó pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kó gbé ọ̀nà ọ́ìlì náà kúrò nínú rédíétọ̀ sí ìtutù tirẹ̀. Rédíétọ̀ jẹ́ owó. Àmọ́ omi tó bá wọ inú jíà yóò tú gọ́ọ̀mù tó di àwọn pẹlẹbẹ náà mú, lẹ́yìn ìyẹn kò sí ọ́ìlì tuntun tó lè tún un ṣe.

Omi tún ní ọ̀nà mìíràn tó ń gbà wọlé, èyí sì jẹ́ ti àdúgbò wa gan-an. Nígbà òjò, tí àgbàrá bá bo ọ̀nà Ìjẹ̀gun, ẹni tó ní jíìpù máa ń ní ìgboyà tí ẹni tó ní Corolla kò ní. Dífárẹ́ńṣà rẹ̀ ti gbóná láti ọ̀nà jíjìn. Bó ṣe wọ omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ súnkì lójijì, ó sì fa ohun tó bá rí: bí ihò èémí kékeré tó wà lórí rẹ̀ bá ti dí fún ẹrẹ̀, etí síìlì ni omi yóò gbà wọlé. Kò ní ṣe nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, nígbà tí ilẹ̀ ti gbẹ, tí kò sẹ́ni tó rántí àgbàrá mọ́, bẹ́rìn yóò fọ́, eyín irin yóò jẹ ara wọn, ọkọ̀ yóò dún gbàà, yóò sì dúró. Lẹ́yìn omi tó bá mu dé àárín táyà, ẹ ní kí wọ́n tú bóòtù ìsàlẹ̀ dífárẹ́ńṣà. Ọ́ìlì tó bá ti funfun, kí wọ́n dà á nù lọ́jọ́ náà. Bóòtù yẹn sábà máa ń ní mágínẹ́ẹ̀tì lórí. Ẹrẹ̀ eérú tó fẹ́lẹ́ lára rẹ̀ kì í ṣe nǹkan. Ègé irin tó ní etí ni kó bà yín lẹ́rù.

Ó ku àṣà kan tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí ó ń pa ọ̀pọ̀ ọkọ̀. Bí pùròpẹ́là bá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àwọn mẹkáníìkì kan yóò ní ká yọ ọ́ sọnù: “Kí la fẹ́ fi fọ́ọ̀-wíìlì ṣe l’Ékòó?” Lórí CR-V, kò sí wàhálà kan, iwájú ló ń fà á tẹ́lẹ̀. Mo fura pé ara CR-V ni wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tí wọ́n bá wá ṣe é fún Highlander tàbí RX300 tó ní dífárẹ́ńṣà láàárín, ọmọ kan ti jọ̀wọ́ pákó títí láé. Ohun tó ní epo líle nínú yẹn nìkan ló kù tó ń ru gbogbo ẹrù ọkọ̀, iṣẹ́ tí wọn kò ṣe é fún. Yóò gbóná, yóò jó, ọkọ̀ yóò sì dúró lójijì lọ́jọ́ kan, ẹni tó yọ pùròpẹ́là yóò sì tún ní jíà ló lọ. Kí ẹ tó ra jíìpù tòkunbọ̀ tàbí èyí tí wọ́n ti lò níbí, ẹ bẹ abẹ́ rẹ̀ wò. Bí dífárẹ́ńṣà bá wà lẹ́yìn tí kò sí pùròpẹ́là tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè ìdí.

Ní ti kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń gún mọ́ ọkọ̀, ó wúlò dé ìwọ̀n kan. Gbogbo ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 1996 ní ihò rẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ ọkọ̀. Bó bá gbé P0700 jáde, ohun tó ń sọ kò ju pé jíà ní ẹjọ́ kan láti rò. Ẹ ní kí wọ́n wá ẹjọ́ náà gan-an. Ṣáàfù kò ní wáyà lára. Bó bá já sí méjì, kọ̀ǹpútà lè ní ara ọkọ̀ dá ṣáṣá.

Ọkọ̀ tí kò lọ gbọ́dọ̀ kúrò lójú títì lọ́nàkọnà, ibẹ̀ ni wọ́n sì tún ti ń ba èyí tó kù jẹ́. Ọkọ̀ tówíìnì wa sábà máa ń gbé iwájú sókè, kó sì máa wọ́ ẹ̀yìn nílẹ̀. Jíìpù tó ń lo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nígbà gbogbo kò gbọ́dọ̀ rìn bẹ́ẹ̀: ẹsẹ̀ méjì ń yí, méjì dúró, dífárẹ́ńṣà àárín yóò máa jó láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé ibi tí ẹ ń lọ. Orí ọkọ̀ pẹrẹsẹ ló yẹ kó wà. Bí èyí tó ní ọ̀pá bá wà ní N tíránsífà, ó lè rìn lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, díẹ̀díẹ̀, kí ẹnì kan jókòó sídìí ọwọ́ ọkọ̀ àti bíréèkì. Bí kò bá sí ọkọ̀ pẹrẹsẹ, tí ọkọ̀ náà kò sì ní ọ̀pá, ẹ ní kí wọ́n tú pùròpẹ́là tó ń lọ sẹ́yìn kí wọ́n tó gbé iwájú rẹ̀ sókè. Bóòtù bíi mẹ́rin ló sábà máa ń dì í mú mọ́ dífárẹ́ńṣà. Kí wọ́n fi ọ̀dà sàmì síbi tí irin méjèèjì ti pàdé, kó lè padà síbi tó wà gan-an nígbà tí wọ́n bá ń dì í padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò máa gbọ̀n.